Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì

"Ẹlẹ́yà ni wọ́n ń fi ẹnì kan ṣe nínú orin yìí," ni Òṣùwọ̀n wí fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún tí orin náà wọ ìlú. "Yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́. Ẹ gbọ́ ọ bí?"

Mo ní mo gbọ́, àmọ́ kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó padà síbi tí okùn gòjé ti kọ́kọ́ ké, kó tún un gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi bá ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́, a ti mọwọ́ ara wa. Òun ló ń wọn ìtumọ̀ gbogbo orin tó bá wọ ìlú Orí-Odi, síbẹ̀ títí di òní kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ àti ẹni tó ń sunkún. Ó ń tún un gbọ́. Ẹja kan tó gùn tó apá mi wá sí ojú fèrèsé, ó wò wá, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n kọ́ Ilé Ìtumọ̀ sí, torí pé ibẹ̀ ni ariwo kéré sí jù. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ó ń mì lára ògiri, ó ń mì lára ọwọ́ èèyàn, tó bá sì pẹ́ díẹ̀ èèyàn á máa rò pé òun fúnra òun ló ń mì.

"Yèyé," ni Òṣùwọ̀n tún wí. "Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ní ìyẹn náà kọ́.

Ó tún padà gbọ́ ọ. "Yéye. Bàbá tó bí bàbá ẹni. Ohun tó wà nínú ìwé àwọn ará Ṣáínà nìyẹn. Ṣé kí n gbé e wá fún òǹtẹ̀?"

"Rárá," ni mo wí, ó sì yára bọ́ lẹ́nu mi ju bó ṣe yẹ lọ. "Jẹ́ kó dúró ná."

Òǹtẹ̀ náà wà níwájú mi lórí tábìlì, irin tútù kan tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ. Bí mo bá tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn, ìtumọ̀ tí mo bá yàn á wọ inú gbogbo ògbufọ̀ tó wà létí àwọn ará ìlú, á sì wọ inú gbohùngbohùn gbogbo èbúté. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni ò ní í gbọ́ ohun tí akọrin wí mọ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ kan tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré á jókòó lórí tirẹ̀, á máa sọ Yorùbá tó já gaara, akọrin á sì máa ya ẹnu lábẹ́ rẹ̀ lásán. Aago mẹ́rin ọjọ́ náà ni òfin fún mi mọ.

Àwo orin náà ń jẹ́ Ewé Tíì Àkọ́já. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́n Ruólán ló kọ ọ́, lédè Mandarin, láti ìlú kan lókè odò ní Ṣáínà. Orin mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ rò pé orin àwọn ọ̀dọ́ lásán ni, ìlù ẹ̀rọ tó ń lu àyà, ohùn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀. Níbi tí èèyàn bá ti ń sọ pé òun ti mọ ibi tó ń lọ, ohun àtijọ́ á yọjú. Dùùrù onígi olókùn mọ́kànlélógún tí wọ́n ń fi èékánná ta. Fèrè ọparun. Lẹ́yìn náà gòjé wọn, tí okùn tirẹ̀ jẹ́ méjì, tí wọ́n ń gbé lé itan fà. Ìlù tòní ń sáré, gòjé àná ò kánjú, síbẹ̀ wọ́n jọ ń délé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti gbọ́ orin tó pọ̀ níbi iṣẹ́ yìí débi pé ọ̀pọ̀ ò wọ̀ mí létí mọ́. Èyí wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òfin gbà kí orin àjèjì fi rìn kiri láìnítumọ̀, ká lè mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni á fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí wọn ò bá fẹ́ràn á kú fúnra rẹ̀. Ewé Tíì Àkọ́já ò kú. Kí ọjọ́ keje tó pé, kò sí ọkọ̀ ojú omi tí kì í kọ ọ́, kò sì sí orin inú rẹ̀ tí wọ́n ń kọ tó orin keje. Níbẹ̀, ọmọbìnrin náà á ké ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gòjé á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ye-e-ye. Ọmọ Yorùbá wo ló fẹ́ wádìí ìyẹn? Láti ìgbà tí ògbufọ̀ ti dé, ẹnikẹ́ni ò kọ́ èdè ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo Orí-Odi gbọ́ Yèyé, wọ́n sì rántí ìyá wọn. Mo rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró láàárín omi, tó ń nu ojú. Nínú orin náà pátá, kò sí ohun tí ì bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àṣìgbọ́ ni. Àwọn ará Ṣáínà, bíi tiwa, "ó" kan náà ni wọ́n ń pe ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀.

Ìyá mi náà kọ ọ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà mi wà.

Kí wọ́n tó mọ odi òkun yìí tán, àwa àtàwọn ará Ṣáínà la jọ ń mọ ọ́n, kò sì tíì sí ògbufọ̀. Lọ́jọ́ kan omi ń bọ̀. Aṣọ́nà tó wà nídìí ilẹ̀kùn òkun, ọmọ Yorùbá, pe ọ̀gá rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ó fi ìwọ̀nba Mandarin tó gbọ́ bi í pé ṣé kóun tì í? Ọ̀gá dá a lóhùn pé, "Ṣì, ṣì." "Bẹ́ẹ̀ ni" ló ń sọ lédè tirẹ̀. "Ṣí, ṣí" ni aṣọ́nà gbọ́. Ó sì ṣí i. Kí àwọn èèyàn tó jẹun ọ̀sán tán, kò sí ohun tó ń jẹ́ àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odi mọ́. Nínú ìyẹn ni òfin wa ti jáde, òun ni wọ́n gbẹ́ sí iwájú Ilé Ìtumọ̀: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ kan. Ẹni tó bá fi òǹtẹ̀ ti irọ́ lẹ́yìn, wọ́n á yọ ògbufọ̀ létí rẹ̀ títí ayé, á máa gbé láàárín èdè méjìlá bí adití.

Ìyá ìyá mi wà lára àwọn tí omi gbé lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá mi wà nínú ọkọ̀ tó ń kó èèyàn sá, oyún mi ti pé oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó ń ké "Yèyé" títí ohùn fi há a. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bí mi, bàbá mi sì sọ mí ní Yéwándé, bí ó ti yẹ. Ìyá mi ò fẹnu rẹ̀ pe orúkọ náà rí. Àníkẹ́ ló ń pè mí, oríkì mi, bí inú bá bí i, ó di "ìwọ ọmọ yìí". Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ṣì ń jowú àwọn tí ìyá wọn ń fi orúkọ wọn bú wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹjọ orin náà, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, gbohùngbohùn èbúté wa ń kọ orin keje. Mo gbọ́ ohùn gbígbẹ kan láti inú ilé tó bá a ké e. Yèyé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, mi ò lè wọlé, mi ò sì lè padà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń retí. Mo ń sọ fún ara mi pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá lè gba ẹnu rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, orúkọ mi ò ní í jìnnà sí i. Èmi ni mo wá gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara mi kọ "bàbá àgbà" lé e lórí.

Ìbéèrè kan ni òfin fún olóǹtẹ̀ láti bi ẹni tó ni orin. Mo ti fi tèmi ránṣẹ́ níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn: ta ni ẹ ń pè? Èsì dé ní àárọ̀ yẹn gan-an, nígbà tí Òṣùwọ̀n ṣì ń bá yẹ̀yẹ́ àti yèyé jìjàkadì. Mo jẹ́ kí ògbufọ̀ sọ ọ́ sí mi létí.

"Bàbá bàbá mi ni," ni Ṣẹ́n Ruólán wí. "Àwọn òbí mi wá iṣẹ́ lọ sí etíkun, wọn ò padà wá mú mi. Òun ló tọ́ mi dàgbà. Òun ló ń dì mí nírun, ó máa ń fà á jù. Okùn méjì tí ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, òun ló ń fà á; mo gbà á sílẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ kọ sínú ìwé yín. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ohùn mìíràn jókòó lórí ibẹ̀ yẹn. Mo ń pè, okùn ń dáhùn. Bí ẹ bá bò ó, èmi nìkan ni yóò kù níbẹ̀ tí n ó máa pè."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wa, Alàgbà Ògúnṣuyì, wọlé láti rán mi létí aago mẹ́rin. Àgbà tó tinrín ni, kì í gbé ohùn sókè. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ni aṣọ́nà tó ṣí ilẹ̀kùn òkun, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ níṣojú rẹ̀. Ó wo ohun tó wà lójú Òṣùwọ̀n, ó ní bàbá àgbà ni, kí ló ń dá mi dúró? Mo ní mo fẹ́ lọ jẹun ná.

Ilé wa ò jìnnà. Ọkọ̀ tí kò ní atukọ̀ ló gbé mi, ìkùukùu sì bo orí omi lọ́sàn-án náà débi pé ńṣe là ń gba àárín orin kan bọ́ sínú òmíràn láìrí ẹni tó ń kọ ọ́. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí ìyá mi fi há ilẹ̀kùn fún mi láàárọ̀. *Ba mi ra oko kekere kan bo.* Ìyá mi kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ó ní ó ti dàgbà jù fún ìyẹn, bẹ́ẹ̀ òfin ò gba kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ láìlámì mọ́. Nígbà tí mo ní kí ògbufọ̀ kà á, ó fara balẹ̀ sọ fún mi pé kí n bá ìyá mi ra ọkọ kékeré kan bọ̀.

Mo bá a lórí oko rẹ̀ tó léfòó lẹ́yìn ilé, ó kúnlẹ̀ láàárín ẹ̀fọ́ sọkọ, ó ń fi ọwọ́ lásán tú ilẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́. Ògbufọ̀ rẹ̀ wà nínú agolo mílíìkì níbi tó máa ń wà, torí ó ní kò sí ohun tí àwọn aládùúgbò ń sọ tóun fẹ́ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Màámi," mo ní, "ọkọ kékeré wo lẹ ní kí n rà fún yín?"

Ó kọ́kọ́ wò mí. Ìgbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ọkọ́ tí n ó fi ro ilẹ̀ ni. Ti ọkọ, mo ti fi ṣe tèmi tán." Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Láyé tiwa, a kì í da ara wa láàmú pẹ̀lú àmì. Ẹni tí kò bá yé á béèrè."

Mo jókòó tì í. Mo ti ro bí n ó ṣe sọ ọ́ láti inú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Mo kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni: pé orin yẹn, orin keje, kì í ṣe ìyá ni ọmọ náà ń pè. Bàbá àgbà rẹ̀ ni.

"Mo mọ̀," ni ìyá mi wí.

Mo ní ta ló sọ fún un. Ó na apá ọ̀tún rẹ̀ sí mi. Àpá iná kan wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ tí mo ti ń rí láti kékeré. Epo gbígbóná ni wọ́n sọ fún mi pé ó ta á. Ó ní lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, òun fi ọdún méje bá àwọn ará Ṣáínà se oúnjẹ nílé ìdáná àwọn tó ń mọ odi. Olórí alásè wọn ní ọmọ ọmọ obìnrin kan, kékeré báyìí, tó máa ń sáré wọlé, tí á ké sí i pé Yéye! Gbogbo ìgbà tó bá ké e lòun máa ń yíjú sẹ́yìn. Ọjọ́ kan ni ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ òun sínú epo.

"Ọdún méje, Àníkẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló ń bá wí, ọrùn mi á sì tún yí."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń kọ ọ́?"

"Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ yẹn ń pe tirẹ̀, èmi náà ń pe tèmi. Bí èèyàn méjì bá pàdé lọ́jà, ṣé dandan ni kí wọ́n ra nǹkan kan náà?"

N kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo jẹ́wọ́ fún un pé láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó láti tẹ òǹtẹ̀ mọ́ "ìyá", kí gbohùngbohùn lè máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí lọ, kí wọ́n ṣe mí bó bá ṣe wù wọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní. "Àṣìgbọ́ ló pa ìyá mi. O ò ní fi àṣìgbọ́ jí i fún mi."

Oko náà ń gòkè díẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ wa. Nígbà tó yá ó bi mí pé tó bá ti di aago mẹ́rin, kí ni wọ́n á máa wí níbẹ̀? Mo ní bàbá àgbà. Ó ní ohùn ta ni? Mo ní ohùn ògbufọ̀. Ó mi orí, ó padà sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "N ó máa ti fèrèsé."

Inú ọkọ̀ ni mo ti sunkún, mi ò ní í purọ́. Ìkùukùu ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi. Mo fẹ́ nu ojú, ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi nù ún, mo tún wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. *Oko.* Mo wò ó títí a fi dé. Ẹni tí kò bá yé á béèrè.

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni mo jókòó níwájú Òṣùwọ̀n. Alàgbà Ògúnṣuyì dúró lẹ́yìn mi, torí òun náà gbọ́dọ̀ tẹ àtàǹpàkò lé tèmi. Mo sọ gbogbo orin keje di Yorùbá láìfi ẹyọ kan pamọ́, bàtà tí wọ́n hun, irun tí wọ́n dì jù, òjò tó ń wọ ilé. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ náà, mo kọ lẹ́tà mẹ́rin: *yeye*.

"Ẹ kò fi àmì sí i," ni Òṣùwọ̀n wí.

"Mo fi sí i. Re, re ni. Àmì wo ni wọ́n ń fi sórí re?"

Ọmọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ pé dò ní àmì, mí ní àmì, re tó wà láàárín ni kì í ní. Mo gbọ́ tí Alàgbà Ògúnṣuyì mí lẹ́yìn mi.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò sí nínú ìwé," ni Òṣùwọ̀n wí. "Yèyé wà, yẹ̀yẹ́ wà. Yeye ò sí."

"Ṣé òfin ní olóǹtẹ̀ ò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, níbi tí tiwa ò bá ti tó?"

"Òfin gbà á. Ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kó má sì jẹ́ irọ́. Ohùn mi ò lè pe ọ̀rọ̀ tuntun títí Ìgbìmọ̀ Ìwé á fi gbà á wọlé. Akọrin á máa pè é fúnra rẹ̀. Olóǹtẹ̀ tó bá sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ á fi ògbufọ̀ rẹ̀ dógò títí Ìgbìmọ̀ á fi jókòó."

Gbogbo wa ló mọ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́rin tí Ìgbìmọ̀ Ìwé ti jókòó kẹ́yìn. Mo rántí ohùn ọmọbìnrin yẹn, mo rántí ọrùn ìyá mi tó ń yí sẹ́yìn fún ọdún méje, mo sì kọ ọ́: *Yeye: ẹni tó tọ́ni dàgbà, tí a ń pè.* Mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ irin náà. Ó tutù wọ̀ mí dé ìgbọ̀nwọ́.

Ó ku ti ọ̀gá. Kò mira. Mo yíjú sí i, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ló ń wò lójú Òṣùwọ̀n, kì í ṣe èmi.

"Ṣé irọ́ wà nínú rẹ̀?" ó bi mí.

"Rárá, sà."

"Ẹni tó bá sì gbọ́ ọ, á rò pé ìyá ni."

"Ó lè rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí kò yé èèyàn tán, èèyàn á béèrè, sà."

Ó fa àga, ó jókòó. N kò rí i kó jókòó nínú yàrá yẹn rí. "Bàbá mi," ó ní. "Ká ní ohun tí kò yé e ni ọ̀gá rẹ̀ sọ, ì bá béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Yorùbá tó yé e gan-an ló gbọ́. Títí ó fi kú, kò gbà pé kì í ṣe ohun tí wọ́n wí nìyẹn." Ó nawọ́, ó tẹ òǹtẹ̀ náà. Ó wá na ọwọ́ kan náà sí mi, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Mo yọ ògbufọ̀ létí mi, mo gbé e lé e. Ó ṣì gbóná. Ó di í sínú aṣọ ìnujú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí n lọ kí ìyá mi dáadáa. Òun gan-an ló sọ gbólóhùn tí mo fi etí lásán gbọ́ ṣáájú ti ẹnikẹ́ni.

Mo jáde sínú ìlú tí n kò mọ̀ rí. Ìkùukùu ti ń gbéra, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ wọlé. Láti kékeré ni gbogbo elédè mìíràn ti ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan náà. Lójijì, olúkúlùkù ní tirẹ̀. Ìyá oníṣu ní ohùn bí ọmọdé. Aládùúgbò wa, Ọ̀gbẹ́ni Líú, tó ti ń kí mi láti ọdún méjìlá, kí mi nínú ọkọ̀, ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń lọ sókè sódò bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. N kò mọ ohun tó wí. Ó fi ẹ̀rín parí rẹ̀, mo bá a rẹ́rìn-ín, ó jọ pé ó tó. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní í tàn yín. Èdè méjìlá ni mo bá wọ ọkọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló yé mi.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté wa, orin kẹfà ń parí. Fèrèsé wa wà ní títì. Orin keje bẹ̀rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ sì ń fi Yorùbá sọ ọ́ bọ̀ láti orí gbohùngbohùn: o hun bàtà mi lọ́dún tí òjò pọ̀, o di irun mi títí ojú mi fi fà. Mo dúró lórí pákó èbúté, mi ò mí. Ohùn pẹ̀lẹ́ náà dé ibẹ̀, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin náà ké, òun fúnra rẹ̀. Gòjé gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó fà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Mo gbọ́ nígbà tí ìdè fèrèsé ṣí. Ìyá mi yọ orí jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún ẹrẹ̀, ó tẹ́tí títí gòjé tún fi dáhùn nígbà kejì. Ó bá a ké e lẹ́ẹ̀kan, kò pariwo. Ìgbà náà ló wolẹ̀, tó rí mi lórí pákó. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi méjèèjì tó ṣófo.

"Yéwándé," ó ní, "ọkọ́ mi dà?"

Mo ti gbàgbé ọkọ́ náà pátápátá. Mo gbọ́ orúkọ mi, kò sí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ kedere tó o rí láyé mi. Àmọ́ mo fọwọ́ kan etí mi tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa, kó lè tún un pè.